Àwọn Tí Ara Wọn Ń Dán Bíi Wúrà

Bí obìnrin Mùsùlùmí kan bá kú ní Mówè, tàbí ní Ìbafò, tàbí ní àwọn abúlé tó wà láàrin Ọ̀fàdà sí ojú títì márosẹ̀, ẹni tí wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè lẹ́yìn àáfà ni Hàfísátù, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìyá Rasheedah. Òun ló ń wẹ òkú obìnrin. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà ní Ìfọ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, kò sì gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ohun tó fi ń jẹun ni ìsọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí ní Mówè, níbi tó ti ń ta aṣọ funfun, òwú, lọ́fínńdà àti káńfọ̀. Àwọn ọmọdé kì í fẹ́ gba iwájú ìsọ̀ yẹn kọjá. Wọ́n gbà pé bí Ìyá Rasheedah bá tẹjú mọ́ ọ pẹ́, aṣọ ìsìnkú rẹ ló ń fojú wọ̀n. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn. Òun fúnra rẹ̀ a máa rẹ́rìn-ín sí i, pé kí ni kí òun fi ojú òun ṣe, ó ti mọ́ ọn lára.

Iṣẹ́ náà ní òfin kan tó le ju gbogbo òfin rẹ̀ yòókù lọ. Ohunkóhun tí ẹni tó ń wẹ òkú bá rí lára òkú, àmánà ni, ohun tí Ọlọ́run fi pamọ́ sí i lọ́wọ́ ni. Bó bá rí àbùkù, ó gbọ́dọ̀ bò ó mọ́lẹ̀ títí òun náà yóò fi kú. Ṣùgbọ́n bó bá rí ire, bí ẹ̀rín lójú òkú tàbí ìmọ́lẹ̀ lára rẹ̀, ó lè sọ ọ́ kí ó lè tu àwọn èèyàn rẹ̀ nínú. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ olóògbé fi máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìwẹ̀. Wọn kì í bi Hàfísátù pé kí ló pa ìyá wọn. Ohun tí wọ́n máa ń bi í ni pé, "Ìyá Rasheedah, kí lẹ rí?"

Ẹni àkọ́kọ́ tó rí wúrà lára rẹ̀ ni ìyá Bùrẹ́ímọ̀, ọkùnrin kan tó ń ta pákó ní Ìfọ̀. Ìyá náà ti ṣàìsàn, ó ti rù, wọ́n ní ibà pọ́njú ni, ó mu àgbo títí, ó sì dákẹ́. Nígbà tí Hàfísátù ṣí aṣọ lójú rẹ̀, oòrùn ọ̀sán ń wọlé láti ojú fèrèsé. Ara ìyá náà pupa rẹ́súrẹ́sú láti iwájú orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń dán bíi wúrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹnu ya Hàfísátù. Òkú kì í bà á lẹ́rù, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó dà bíi pé ó ṣèèṣì wọ yàrá ọba láìkanlẹ̀kùn. Omijé bọ́ lójú rẹ̀ sínú omi tó fẹ́ fi wẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó jáde, ó di Bùrẹ́ímọ̀ lọ́wọ́ mú. "Ìyá ẹ tàn bíi wúrà," ló wí. "Ìmọ́lẹ̀ àlùjáńnà ló wà lára wọn." Ọkùnrin gìrìwò náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ yìí kò pẹ́ kó tó dé Òkè-Àró. Lẹ́yìn ìgbà náà ni Hàfísátù tún rí irú rẹ̀ ní Ọ̀fàdà, ó rí i ní Ìbafò, ó tún padà rí i ní Ìfọ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà o, ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni wúrà náà ń wọ́pọ̀ sí i. Inú Hàfísátù ń dùn pé àwọn obìnrin rere ń pọ̀ sí i láyé. Àwọn ìdílé sì ń fi í yangàn. Obìnrin kan wà ní Ìbafò tí kò kí i títí di òní, torí pé Hàfísátù ní ojú ìyá ọkọ obìnrin náà tutù, kò sì sọ pé ó dán. Kí lobìnrin yẹn fẹ́ kó ṣe? Kó fi ọ̀dà kun òkú ni?

Ẹni kan ṣoṣo tó kù fún Hàfísátù nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni Ikram, àbíkẹ́yìn wọn. Ìyá wọn kú nígbà tí Ikram ṣì ń rá, ẹ̀yìn Hàfísátù ni wọ́n sì pọ̀n ọ́n sí títí tó fi mọ ìrìn. Ní báyìí, Ikram ti lé ní àádọ́ta ọdún, aránṣọ ni ní Ìbafò, ẹnu rẹ̀ sì mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni kì í fi ẹnu náà gé. "Àǹtí" ló ń pè é, bẹ́ẹ̀ ìyá ló fi ń ṣe.

Lọ́dún tó kọjá ni Ikram bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Inú rẹ̀ dùn sí i, torí ó ti pẹ́ tó ti ń wá bí yóò ṣe rù. Ara ń yún un, ó ní ọṣẹ tuntun ni. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń bi í pé irú ìpara wo ló ń kùn tí àwọ̀ rẹ̀ fi ń pọ́n báyìí, ó ní kí wọ́n san owó ìránṣọ tán ná kí òun tó sọ fún wọn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó wá sí Mówè, òun àti Hàfísátù sì jọ ń ṣe àlùwàlá lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Ikram ká aṣọ sókè, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé orí òkúta, oòrùn sì tàn sí i. Hàfísátù rí àtẹ́lẹsẹ̀ náà. Ó gbójú sókè, ó wo ẹyinjú àbúrò rẹ̀. Wúrà ni. Kò rí i lára ẹni tó ń mí rí.

Ẹlòmíràn ì bá figbe ta. Ṣùgbọ́n ohun tí Hàfísátù ti gbà gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá kò jẹ́ kó lè ronú bíi ẹlòmíràn. Ó dá a lójú pé Ọlọ́run ti sàmì sí Ikram lára, pé wọ́n ti ń múra sílẹ̀ dè é lókè, pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ̀rù Ọlọ́run bò ó, ìbànújẹ́ sì wà lábẹ́ ẹ̀rù náà. Ó rò ó pé bí òun bá sọ ọ́, òun tú àṣírí Ọlọ́run nìyẹn. Ó dákẹ́. Nígbà tó dé ìsọ̀, ó mú aṣọ funfun tó dáa jù lọ sílẹ̀, ó sì gé e. Kò nílò ìwọ̀n kankan. Ó káṣọ náà, ó gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí, ó sì fi orí lé àpótí náà, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Láti ìgbà náà ló ti ń se oúnjẹ lọ sí Ìbafò. Ó ń bẹ Ikram pé kó foríji òun fún gbogbo ìgbà tí òun nà án nígbà tó wà ní kékeré.

"Àǹtí, kí ló dé?" ni Ikram bi í. "Ṣé Mẹ́kà lẹ fẹ́ lọ ni, tẹ́ ẹ fi ń tọrọ àforíjì káàkiri? Ẹ sọ ọ́ kí n tètè máa ka ohun tẹ́ ẹ máa rà bọ̀ fún mi."

Ọkọ Ikram ń jẹ́ Lukman, ọkọ̀ kórópe ló ń wà láàrin Ìbafò sí Mówè. Òun náà ti rí i pé ojú ìyàwó òun pọ́n. Ó ní ibà pọ́njú lásán ni, ó lọ gba àgbo wá láti ìlú Ọbáfẹ́mi, èyí tí wọ́n fi omidùn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó sè. Ikram ń mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì ń pọ́n sí i. Hàfísátù ń wò ó, kò sọ nǹkan kan.

Báyìí lọ̀rọ̀ wà tí Dókítà Jésùlayọ̀mi fi wá bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ níbi àsàlátù ọjọ́ Sọ́ńdè ní Mówè. Nígbà tí wọ́n gbọ́ orúkọ rẹ̀, àwọn ìyá wo ara wọn lójú, ẹnì kan sì ní, "Jésùlayọ̀mi nínú mọ́ṣáláṣí!" Ẹ̀rín sọ. Dókítà náà, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti fi gèlè bo orí rẹ̀ dáadáa, kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ìyá mi," ló wí, "iṣẹ́ tí wọ́n fún èmi àtàwọn ẹgbẹ́ mi ni pé ká máa ka àwọn tí jẹjẹrẹ ń mú ní agbègbè yìí, láti Mówè títí dé Ìfọ̀. À ń ka ọkùnrin lọ́tọ̀, à ń ka obìnrin lọ́tọ̀. Oríṣi kan wà tó gbé mi wá lónìí. Ẹran ara kan tí wọ́n ń pè ní páńkíríásì ló ń mú. Kò ju bí àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó fara pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ bí ọmọ tó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, iye àwọn tó ń mú ń ga sí i, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí a kà ju obìnrin lọ dáadáa, èyí tí a sì kà ní Mówè ju ti Ìfọ̀ lọ. Kò yé mi. Mi ò mọ̀ bóyá àwọn obìnrin Ìfọ̀ ò kàn ní i tó bẹ́ẹ̀ ni, tàbí ṣe ni wọ́n ń kú sílé láìdé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí kò bá dé ọ̀dọ̀ wa, a ò lè kà á. Ẹni tí a ò bá sì kà, kò sẹ́ni tó máa kọ́ ibi ìtọ́jú tì í."

Ó wá ń sọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: kéèyàn máa rù láìnídìí, kí ara máa yún un, kí ìtọ̀ dúdú, kí ìgbẹ́ funfun bí ẹ̀kọ, kí ẹyinjú àti àtẹ́lẹsẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Hàfísátù tó ti ń tòògbé díẹ̀ dìde dúró láàrin èrò.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí ara máa dán bíi wúrà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ṣé lára ẹni tó wà láàyè?"

Dókítà náà wò ó dáadáa. "Ara ẹni tó wà láàyè ló ti ń bẹ̀rẹ̀, Màmá. Òróòro ni. Ó ní ọ̀nà tóóró kan tó ń gbà kọjá lọ síbi oúnjẹ. Etí ọ̀nà yẹn gan-an ni orí páńkíríásì wà. Bí kókó bá hù síbẹ̀, ọ̀nà á dí, òróòro á padà sínú ẹ̀jẹ̀, á sì yọ sára, á yọ sójú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ bá pọ́n ló ní jẹjẹrẹ o. Ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀, ó lè jẹ́ òkúta nínú òróòro. Àyẹ̀wò ló lè sọ ọ́."

"Bí èèyàn bá sì tètè wá ńkọ́?"

"Nígbà mìíràn, a lè gé e kúrò. Kì í ṣe gbogbo ìgbà, mi ò ní purọ́ fún yín. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ló ń pẹ́ kí wọ́n tó wá. Ṣùgbọ́n àwọ̀ tó ń pọ́n yẹn ló máa ń ta àwọn kan lólobó nígbà tí àyè ṣì wà."

Hàfísátù jókòó padà. Ẹnu rẹ̀ là, kò lè pa á dé. Ohun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí kò sẹ́ni tó ń rí i, òun ló sọ odidi èèyàn di wúrà! Ó rántí ìyá Bùrẹ́ímọ̀, ó rántí èyí tó wẹ̀ ní Ọ̀fàdà àtàwọn tó tẹ̀lé e. Ohun tó sì tún yà á lẹ́nu jù ni ọmọbìnrin tó dúró níwájú wọn yìí. Kò mọ ìyá Bùrẹ́ímọ̀ rí, kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Síbẹ̀ ó jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́nà jíjìn, ó ń wo iye àwọn tí wọ́n kà, ó sì rí i pé àwọn kan ò sí níbẹ̀. Obìnrin tí ilẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀ ló ń wá kiri láìmọ̀. Hàfísátù ò mọ̀ pé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wà láyé. Ó ní "Súbúhánà-Lọ́ọ̀" lábẹ́ ètè, ó tún un wí, lẹ́yìn náà ló rántí Ikram. Ó gbé bàtà, ó jáde kí wọ́n tó ṣàdúà ìparí.

Àáfà Mùíbì, ẹni tó ń wẹ òkú ọkùnrin, wà lẹ́nu géètì. Hàfísátù dúró, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Àáfà, bí ohun tí mo rí lára òkú bá lè gba ẹnì kan là, ṣé mo lè sọ ọ́?"

Àáfà ò bi í pé kí ló rí. "Ṣé ara tó ń pọ́n yẹn ni?" ló wí. "Àwa náà ń rí i lára àwọn ọkùnrin. À ń gbọ́ wúrà tẹ́ ẹ ń rí, mi ò mọ̀ pé ohun kan náà ni. Ìyá Rasheedah, ire lẹ fẹ́ ṣe. Ẹ lọ sọ ọ́."

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin yàrá tí wọ́n ti ń wẹ òkú ọkùnrin àti ti obìnrin, láti ìgbà tí wọ́n sì ti jọ ń ṣiṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń rí.

Nígbà tó dé Ìbafò, Ikram ń ránṣọ, Lukman sì jókòó tì í, ike àgbo wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Hàfísátù kò jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bí kò ṣe sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè rí. Ó sọ ti Ìfọ̀, ó sọ ti Ọ̀fàdà, ó sọ bí ẹyinjú wọn ṣe rí, ó sì sọ ohun tí Dókítà wí. Lukman ní, "Ìyá Rasheedah, ẹ má fi jẹjẹrẹ dẹ́rù bà wá, ẹ jọ̀ọ́. Ibà pọ́njú ni. Ẹ jẹ́ kó mu àgbo yẹn tán."

"Àwọn náà mu ún tán," ni Hàfísátù dá a lóhùn. "Èmi ni mo wẹ̀ wọ́n."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Ikram gbójú sókè. "Àǹtí, ìgbà wo lẹ ti rí i lára mi?"

"Ọjọ́ Jímọ̀ tá a jọ ṣe àlùwàlá."

"Láti ọjọ́ yẹn! Ẹ wá ń se ọbẹ̀ fún mi, ẹ ń tọrọ àforíjì!"

"Mo rò pé Ọlọ́run ló ń pè ẹ́ ni. Mo ti gé aṣọ fún ẹ."

Lukman bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n aránṣọ ni Ikram, aránṣọ ló sì jẹ́ nígbà náà pàápàá. Ó fi ọwọ́ nu ojú ara rẹ̀. "Irú aṣọ wo?" ló bi í.

"Èyí tó dáa jù."

"Ẹ lọ tà á," ni Ikram wí. Ó pa ẹ̀rọ, ó ká aṣọ oníbàárà sílẹ̀, ó sì ní kí Lukman lọ gbé kórópe wá.

Wọ́n ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀. Ohun tí Dókítà Jésùlayọ̀mi ń bẹ̀rù náà ni. Wọ́n gbé e lọ sí ọ́sípítù ńlá, níbi tí àwọn oníṣẹ́ abẹ wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Ikram wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, Dókítà náà wá jókòó ti Hàfísátù lórí bẹ́ǹṣì. Hàfísátù sọ àwọn ìlú tó ti rí wúrà fún un, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Dókítà ní òun ò lè ka àwọn ìyá wọ̀nyẹn mọ́, torí kò sí àyẹ̀wò, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ohun kan náà ló pa gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n òun ti mọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó kù láàyè. Ó ní Ìfọ̀ ni òun máa kọ́kọ́ lọ. Hàfísátù sọ pé òun á tẹ̀ lé e, pé òun mọ gbogbo ojúlé tó yẹ kí wọ́n yà.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Dókítà padà jáde sí i. Ojú rẹ̀ rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, wọ́n ti gé e. Kò tó èkùrọ́. Ìtọ́jú ṣì pọ̀ níwájú o, a ò sì lè ṣèlérí bó ṣe máa rí lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà òróòro ti là."

"Kò tó èkùrọ́," ni Hàfísátù ń tún wí. Ó fi orí kanlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ọ́sípítù níbẹ̀, níwájú àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń wá aláìsàn wá.

Nígbà tí wọ́n dá Ikram sílẹ̀, ilé Hàfísátù ní Mówè ló wá. Ó ti rù kan eegun, kò lè dúró pẹ́, ojú ọgbẹ́ sì wà níkùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyinjú rẹ̀ ti ń funfun. Láàárọ̀ ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ní ó lè fi omi kan ara, Hàfísátù gbé àpótí ìjókòó sí balùwẹ̀, ó pọn omi, ó sì mú ọṣẹ àti kànìnkànìn tuntun. Ó jókòó ti àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn. Apá ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó gbé apá náà jẹ́jẹ́. Apá náà lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó wúwo, ṣùgbọ́n ó ń ràn án lọ́wọ́. Bí Hàfísátù ṣe ń gbé e ni apá náà ń gbé ara rẹ̀. Ó bu omi, ó dà á sí i léjìká.

Ikram fò sókè lórí àpótí. "Yéè! Àǹtí, omi yìí mà tutù o! Ṣé òkú lẹ ń wẹ̀ ni?"

Gbogbo ara tí Hàfísátù ti wẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, kò sí èyí tó dá a lóhùn rí. Ó gbá àbúrò rẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú omi, pẹ̀lú ọṣẹ, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, Ikram sì ń pariwo pé kó rọra, kó rọra, ọgbẹ́ wà níkùn òun. Lẹ́yìn náà ló fi gèlè nu ojú rẹ̀, ó sì lọ gbé omi kaná.